Ìsinmi Kéékèèké Láàárín Ọjọ́ Iṣẹ́: Ìbéèrè Tí Àwọn Ará Ìkòròdú Máa Ń Bi Mí

Nọ́ọ̀sì ni mí. Òdógúnyàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìgbógbó ni mo ń gbé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi kì í ṣe ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni wọ́n, télọ̀, awakọ̀, ìyá ọlọ́jà, akọ̀wé ìjọba. Gbólóhùn kan náà ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn: "Nọ́ọ̀sì, ó ti rẹ̀ mí." Èmi náà á ní kí wọ́n máa fi ìsinmi kéékèèké sáàárín ọjọ́ iṣẹ́ wọn, ìbéèrè á sì bẹ̀rẹ̀. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí kí ẹni tí kò ráyè wá lè rí ìdáhùn kà, pàápàá tó bá wà lórí ìlà tó ń retí ọkọ̀.

Ṣé oorun lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ ń pè ní ìsinmi? Ọ̀gá mi á lé mi.

Rárá o. Ohun tí mò ń sọ kò ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́wàá lọ, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Ara kì í rẹ ènìyàn lódindi lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú lè ti rẹ̀ kí ẹsẹ̀ ṣì le. Ẹsẹ̀ lè ti wú kí ọpọlọ ṣì jí pépé. Nítorí náà, ohun tí ẹ kò tíì ṣe láti àárọ̀ ló máa ń jẹ́ ìsinmi yín. Télọ̀ tó ti jókòó láti àárọ̀, kó dìde. Ẹni tó ń dúró nídìí ẹ̀rọ, kó jókòó. Ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn látàárọ̀, kó wá ibi tí kò ti ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ sinmi kó tó rẹ̀ yín. Tó bá ti rẹ ènìyàn tán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ran nǹkan kan mọ́. Àwa ará Ìkòròdú sì ní ìṣòro kan tó jẹ́ tiwa: iṣẹ́ wa kì í bẹ̀rẹ̀ níbi iṣẹ́, ojú ọ̀nà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tó dé ọ́fíìsì, ó ń rẹ́ ara rẹ̀ jẹ.

Marina ni iṣẹ́ mi wà. Agogo mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde nílé, mi ò sì kì í dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibo ni mo ti fẹ́ ráyè?

Inú ọkọ̀ ni. Púpọ̀ nínú wa ló ka àkókò inú ọkọ̀ sí òfò, a ó wá fi fóònù pa á. Àkókò tó ṣeyebíye jù lọ lójúmọ́ yín nìyẹn. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣí ọ̀nà BRT, ìyẹn ọ̀nà àwọn bọ́ọ̀sì ńlá, láti Mile 12 dé Ìkòròdú. Ẹni tó bá ti rí ìjókòó nínú ọkọ̀ náà ti rí ibi ìsinmi rẹ̀ fún àárọ̀ yẹn.

Ẹ pín ìrìn àjò náà sí méjì. Ní apá kìíní, láti Gáréèjì títí ẹ ó fi kọjá Májídun tí ẹ ó fi dé Mile 12, ẹ má ṣe nǹkan kan. Kí fóònù wà nínú báàgì, kí báàgì wà lórí itan, kí apá yín kọ́ okùn rẹ̀. Ẹ sọ èjìká kalẹ̀. Ẹ ó rí i pé ẹ ti gbé e mọ́ etí láìmọ̀. Ẹ dijú. Tí oorun bá gbé yín lọ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Kétu, ẹ lè wá mú fóònù, kí ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ kà. Àmọ́ tó bá jẹ́ dánfó tí ẹ kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ wọ̀ ní ìdájí, ẹ má sùn o. Mímí tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀ ni kí ẹ ṣe, pẹ̀lú ojú lílà.

Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀búté ní àǹfààní tí àwa yòókù kò ní. Ọ̀sà tẹ́ lọ bẹẹrẹ níwájú wọn, atẹ́gùn ń fẹ́, kò sí gòsílóò. Tí ẹ bá ti so jákẹ́ẹ̀tì ìdáàbòbò yín dáadáa, ẹ gbé ojú lọ sí òkèèrè pátápátá. Iṣan tó ń bá ojú ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń wo nǹkan ìtòsí máa ń tú nígbà tí a bá wo ọ̀nà jíjìn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó sanwó ọkọ̀ ojú omi, tó wá tẹ orí ba fóònù títí ọkọ̀ fi dé èbúté kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ kò rí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń sọ fún ara pé ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì ń jẹ́ kí oorun tètè wá lálẹ́. Tí ẹ bá ti dé ibi iṣẹ́, kí ẹ tó wọlé, ẹ dúró níta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mi ò kì í mu omi láàárọ̀ nítorí kò síbi tí mo fẹ́ tọ̀ sí nínú gòsílóò. Ṣé ó burú?

Mo mọ ohun tó fà á, pàápàá fún obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tó mu omi kẹ́yìn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ àná, tí kò tún fi omi kan ẹnu títí di agogo mẹ́wàá àárọ̀, orí á fọ́ ọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá gba párásítámọ̀ lọ́wọ́ mi ní àkókò yẹn, píọ́ wọ́tà ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́, kí n tó bèèrè ohunkóhun.

Ẹ mu díẹ̀ nílé, ìwọ̀n tí ara yín lè gbà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ti débi iṣẹ́, kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà tàbí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹ mu odindi píọ́ wọ́tà kan. Sẹ̀ǹtílítà 50 ló wà nínú ọ̀kan. Ẹ mu òmíràn kó tó di ọ̀sán, kí ẹ mu méjì sí i láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Nígbà ooru oṣù kejì àti ìkẹta, ẹ fi kún un. Ìtọ̀ yín ló máa sọ fún yín bóyá ó tó: tí àwọ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí ẹni pò ó, omi kù. Ẹni tí dókítà bá ti sọ pé kó dín omi kù nítorí kíndìnrín tàbí ọkàn, ti dókítà ni kó tẹ̀ lé.

Ẹ ṣàlàyé mímí yẹn.

Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Ẹ fi imú fa èémí sínú jẹ́jẹ́, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin; ikùn ni kó wú, kì í ṣe àyà. Ẹ wá fi ẹnu tú u jáde, kí ẹ ka dé ẹ̀fà. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa mí bí ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó fi púpọ̀ dín sí bí a ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Mímí síta tó gùn ju mímí sínú lọ máa ń jẹ́ kí ọkàn rọra lù, kí ara sì rọ̀.

Ẹ ṣe é kí ẹ tó wọlé lọ bá ọ̀gá. Ẹ ṣe é lẹ́yìn tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá ti fún ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí ní ṣéńjì papọ̀, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jà ní Ògólóńtó. Ẹ má gbé ìbínú yẹn dé ibi iṣẹ́. Wákàtí méjì ló lè fi jẹ yín nínú.

Télọ̀ ni mí ní Sábó. Tó bá di agogo mẹ́rin, mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ṣé àárẹ̀ ni àbí ojú mi ti ń bàjẹ́?

Ó lè jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbé ojú kúrò lára aṣọ, ẹ wo nǹkan tó jìnnà tó mítà mẹ́fà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀yin ará Sábó kò tilẹ̀ ní wá a jìnnà: ẹ wo òdìkejì títì, ẹ ka pátákó tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣẹ́jú dáadáa, torí tí a bá tẹjú mọ́ nǹkan, yálà abẹ́rẹ́ tàbí kọ̀ǹpútà, ṣíṣẹ́jú wa máa ń dín kù, ojú á wá gbẹ, á máa ta.

Aṣọ dúdú àti aṣọ búlúù tó ṣókùnkùn, àárọ̀ ni kí ẹ rán wọn. Ẹ fi àǹkárá aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí ìrọ̀lẹ́. Kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, kó má ṣe wá láti ẹ̀yìn yín, kí òjìji orí yín má bàa bo ojú iṣẹ́.

Tí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, tí ẹ wá ń na apá jìnnà kí ẹ tó lè rí ihò abẹ́rẹ́, àárẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ojú gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, gíláàsì ìkàwé sì ló máa ń yanjú rẹ̀. Ẹ lọ yẹ ojú wò. Ẹ má ra oògùn ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo bẹ̀ yín.

Wákàtí méjìlá ni mo fi ń dúró nídìí ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ mi máa ń wú, okùn bàtà á fa ìlà sí i.

Iṣan tó wà lẹ́yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn, bí ẹni ń fa omi láti inú kànga. Tí ẹ bá dúró gbagidi lójú kan, ẹnikẹ́ni kò fa okùn, omi ara á wá máa jọ sí ẹsẹ̀. Ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ dúró lórí ọmọ ìka, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ogún ìgbà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kò gba àyè, kò dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ máa gbé ara láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì. Tí ẹ bá délé, ẹ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sára ògiri fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń ṣe: mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun ẹni náà, kí n ka dé mẹ́wàá, kí n tó gbé e kúrò. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn wọnú tí kò sì tètè padà, tí ẹsẹ̀ ṣì wú lẹ́yìn tí ó ti sùn mọ́jú, tàbí tí ojú ẹni náà fúnra rẹ̀ ń wú láàárọ̀, mi ò kì í sọ̀rọ̀ bàtà fún un mọ́. Mo máa ń ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín àti ọkàn wò. Aboyún tó bá rí irú èyí kò gbọdọ̀ dúró rárá.

Kí ló dé tí oorun fi máa ń kùn mí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán?

Ohun méjì ló pàdé. Àkọ́kọ́, ara fúnra rẹ̀ ní àkókò kan ní ọ̀sán, bí agogo kan sí mẹ́ta, tó máa ń fẹ́ rọlẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ jẹun tàbí ẹ kò jẹun. Èkejì ni òkèlè ńlá tí ẹ wá gbé lé e lórí. Mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ̀bà. Ẹ dín ẹ̀bà kù, kí ẹ fi kún ẹ̀fọ́ àti ẹja; ẹja kò wọ́n wa ní ìlú tí ọ̀sà yí ká. Mọ́ín-mọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ dára púpọ̀ fún ọ̀sán, ẹ̀wà pẹ̀lú dòdò díẹ̀ náà dára. Ẹ má fi ebi pa ara yín láti àárọ̀ kí ẹ wá fi ìbínú jẹun ní agogo méjì.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó máa ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ má fò sókè jù. Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ má jẹun lórí tábìlì iṣẹ́. Ẹni tó ń jẹun tó ń tẹ kọ̀ǹpútà kò jẹun dáadáa, kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa.

Obì, kọfí, ohun mímu inú agolo tó ń fúnni lágbára ńkọ́? Paraga ńkọ́?

Kaféènì ló wà nínú obì, kọfí, tíì àti ohun mímu inú agolo yẹn. Kaféènì kì í mú àárẹ̀ kúrò. Ó kàn ń dí ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ó ti rẹ ara ni. Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sùn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, kó má jẹ obì kọjá ọ̀sán. Ti inú agolo tún ní ṣúgà rẹpẹtẹ.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ paraga sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọtí ni. Kì í gbé ara ró, ó ń mú ara kú tìpìrì ni, oorun tí ẹ bá sì sùn lé e lórí kì í jinlẹ̀. Awakọ̀ tó mu ún ní Gáréèjì kó tó gbé èrò, ẹ̀mí àwọn ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ló gbé dání. Bákan náà ni tíràmádọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń lò kí wọ́n lè ru ẹrù títí di alẹ́. Ó ń di bárakú, ó lè fa gìrì, ó sì ti pa ènìyàn. Ẹni tó ti wọ inú rẹ̀, kó wá bá wa láìbẹ̀rù. Ìtọ́jú wà, a ò sì ní bú u.

Ìṣẹ́jú mélòó ni kí n fi rẹjú, tí mo bá ráyè?

Mẹ́wàá sí ogún. Tó bá kọjá ọgbọ̀n, orí á wúwo nígbà tí ẹ bá jí. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn agogo mẹ́ta ọ̀sán.

Ọ̀gá wa kò fẹ́ rí ẹni tó jókòó. Kí la lè ṣe?

Ẹ mọ ohun tí òfin sọ. Abala 13 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Labour Act, sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní àkókò ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ó tún sọ pé láàárín ọjọ́ méje, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan, wákàtí 24 gbáko. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin náà ń dáàbò bò jù. Kì í ṣe ojúrere ni ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ kojú ọ̀gá. Ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ gba ọwọ́ alábòójútó yín tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ, kí ẹ sọ wákàtí tí aṣìṣe àti ìfarapa máa ń pọ̀ jù. Ọ̀gá tó ń ka owó á gbọ́ èyí ju kí ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín.

Èmi ni ọ̀gá ara mi. Tí mo bá fi ìsọ̀ sílẹ̀, oníbàárà á lọ.

Ìyá mi, ẹ fi í sílẹ̀ fún aládùúgbò ìsọ̀ yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí òun náà fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ ti jọ ń bára yín ṣọ́jà tẹ́lẹ̀ tí ọ̀kan bá lọ gba ọjà. Ẹ fi ìsinmi kún un. Mo rí i pé àwọn Mùsùlùmí ọjà wa máa ń ṣe é láìpè é ní ìsinmi: tí wọ́n bá dìde lọ kírun Àìlà, wọ́n fọ ojú àti ẹsẹ̀, wọ́n tẹ̀ba, wọ́n dìde, wọ́n dákẹ́. Ẹ̀yin yòókù, ẹ wá ti yín ní àkókò kan náà.

Ọ̀dọ́ ni mí, ara mi le. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn ọ́, àbúrò mi. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ ní ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tó fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu kí àìsàn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 jù. Àgbà tó ń rí i lára, ìgbà ọ̀dọ́ ló ti kó o jọ.

Fóònù ni mo fi ń sinmi. Ṣé ìyẹn náà kà?

Díẹ̀. Ojú ṣì ń wo ìtòsí, ọrùn ṣì tẹ̀, ìjà tó ń lọ lórí WhatsApp ẹbí á sì tún wọ yín lára. Ẹ wo fídíò kan tó pa yín lẹ́rìn-ín, kí ẹ pa á dé.

Mo délé ní agogo mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́. Oúnjẹ wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn tó?

Ìbéèrè yìí ló máa ń wú mi lórí jù, nítorí òótọ́ ni. Àgbàlagbà nílò ó kéré tán wákàtí méje oorun, kò sì sí àṣà kékeré kankan tó lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń jí ní agogo mẹ́rin gbọ́dọ̀ ti sùn ní mẹ́sàn-án. Nítorí náà, ẹ gé nǹkan kan kúrò nínú alẹ́ yín. Ẹ se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ ní Sátidé. Ẹ lọ aṣọ iṣẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Kí ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́wàá, ọkùnrin tàbí obìnrin, máa fọ abọ́. Kí bàbá ilé dìde, kó bá wọn ṣe é. Ìyàwó tó jáde ní ìdájí pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe irin. Fóònù, kí ó sùn sí pálọ̀.

Tí wákàtí méje kò bá ṣe é ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ fi ìdajì wákàtí kún èyí tí ẹ ń sùn báyìí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìgbà wo ni àárẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ìsinmi?

Tí ẹ bá ti sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ṣì ń rẹ̀ yín. Tí òùngbẹ ń gbẹ yín ju tẹ́lẹ̀ lọ tí ẹ sì ń tọ̀ lóru léraléra, nítorí ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Tí àtẹ́lẹwọ́ yín bá funfun, pàápàá obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù. Tí ẹ bá ń hanrun tí èémí yín ń dúró lójú oorun. Tí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ bá wá sú yín pátápátá, tí ayé fúnra rẹ̀ sì ń sú yín; ẹ má fi èyí pamọ́, ẹ sọ ọ́ fún ẹnìkan lónìí, kí ẹ sì wá rí wa.

Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kódà tí nǹkan kan kò bá ṣe yín. Tó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti di ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín lè wọ̀n ọ́n, General Hospital Ìkòròdú náà wà níbẹ̀.

Àyà tó ń fún yín mọ́lẹ̀, ẹnu tó ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí apá kan tó kọ̀ tí kò gbéra, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má sì kọ́kọ́ wá àgbo. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn ni kó sì wa ọkọ̀.